Rọ́bà Inú Sílíńdà Katakata

Bí ọ́ìlì bá ń sun lára irin sílíńdà, rọ́bà inú rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. A lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra wa. Ẹ má tíì ra sílíńdà tuntun, bí àwa ọlọ́jà tilẹ̀ fẹ́ tà á.

Kí ẹ tó tú u, ẹ gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá, nítorí ó lè wó pa ènìyàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti ọwọ́ ìdarí síwá sẹ́yìn kí agbára ọ́ìlì tán. Ẹ má fọwọ́ wá ibi tó ń jò: ọ́ìlì náà ń gún awọ bí abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gún, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Ètè rọ́bà tuntun ni kó kọjú sí ọ́ìlì. Bí irin bá ti ha, ẹ tún un ṣe ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gé rọ́bà tuntun náà láìpẹ́.