Ilé Àyágbé fún Ìsinmi ní Ìlú Ọba: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀ Kó Tó Sanwó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogbogbòò)

 

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń háyà ilé ìsinmi ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú fàájì olówó? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester tàbí ní Leeds? Ọmọ bímọ, ìyá àgbà fẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́. Ọmọ gboyè, bàbá fẹ́ lọ fojú rí i. Yàrá tí ọmọ ń gbé kò gbà ju òun àti ìdílé rẹ̀ lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè se ọbẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gba odidi ilé, tòun ti ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀, fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tí a fi ń gbà á, owó tí a fi oṣù púpọ̀ dá jọ ni. Bí ó bá ṣòfò, gbèsè ni yóò dà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa ni.

Ìsinmi pàápàá kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Rochdale, níbi tí àwọn aṣáájú wa ti ṣí ìsọ̀ wọn ní ọdún 1844, wà ní Ìlú Ọba níbẹ̀ náà. Ní ọdún 1891, pásítọ̀ kan ní ìlú Colne, T. A. Leonard, kó àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lọ sinmi ní Ambleside. Láti inú ìrìn àjò yẹn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Co-operative Holidays Association ti jáde, kí òṣìṣẹ́ tí kò lówó púpọ̀ lè rí ibi mímọ́ sùn ní owó tí apá rẹ̀ ká.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ní ilé àyágbé, ìwé àdéhùn ni onílé. Níhìn-ín, ayálégbé mọ onílé rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀, yóò mú àgbà kan dání lọ bẹ̀ ẹ́. Lọ́hùn-ún, ó lè máà rí onílé rárá títí yóò fi padà sílé. Inú àpótí kékeré kan lára ògiri ni kọ́kọ́rọ́ wà, nọ́ńbà ni a fi ń ṣí i. Gbogbo ohun tí onílé ní láti sọ, ó ti sọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá kà á ti wọlé láìkí onílé.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti jìyà rẹ̀ rí. Ọmọ mi bímọ, ó sì gba ilé kan fún wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé ilé náà sọ pé ènìyàn 6 ni kó wà níbẹ̀, pé kò gbọdọ̀ sí àpèjẹ. Ọmọ mi fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí n kà á. Mo wo àwòrán, n kò ka ọ̀rọ̀. Ọjọ́ ìkómọ pé, èmi ni mo ní kí a ṣe é níbẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 30 wọlé, tìlù tìfọn. Kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, onílé ti dé. Kò pariwo. Ó kàn na ìwé sí wa, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Owó ìdógò wa lọ, £200. Wọ́n ní kí a jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta tí a ti san owó rẹ̀. Iwájú àwọn àna wa ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé orúkọ ọmọ mi ni a fi gba ilé. Àwọn tó bá wa wá ilé náà ti orúkọ rẹ̀ pa, wọn kò gbà á lálejò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe onídùúró fún ayálówó rí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ bí ó ti ń rí, pé kí ẹlòmíràn ṣẹ̀, kí orúkọ tìrẹ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

KÍ A TÓ SANWÓ

Èkíní, ẹ gba físà ná. Físà àbẹ̀wò sábà máa ń fún ènìyàn ní àyè dé oṣù 6. Ilé tí wọ́n bá kọ sí i pé àwọn kì í dá owó padà, ẹ má fọwọ́ kàn án títí físà yóò fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ ṣe ìṣirò gbogbo owó pọ̀. Ká ní wọ́n polówó ilé kan ní £100 lálẹ́ kan. Fún alẹ́ 7, ó di £700. Owó ìtọ́jú ilé lè jẹ́ £60, kí owó alágbàtà jẹ́ £90. Ó di £850, ìyẹn ni pé alẹ́ kan ti lé ní £121. Bí wọ́n bá tún gba owó ìdógò £200, £1,050 ni kó wà lọ́wọ́ kí ẹ tó wọlé. Bí ènìyàn 5 bá pín £850 náà, £170 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi owó tí ẹ yá fún òwò san án. Ẹ dá a jọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi èlé sí i, nítorí pé iye tí a fi ń ra pọ́n-ùn lónìí lè máà jẹ́ ti ọ̀la.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún jìbìtì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Gbájúẹ̀ yóò jí àwòrán ilé onílé, yóò pe owó tó kéré sí ti ọjà, yóò sì ní kí ẹ yára fi owó sínú àkáǹtì òun gan-an kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Bí ó bá ti ní kí ẹ má gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó polówó ilé sanwó, ẹ sá. Ẹ béèrè àdírẹ́sì, kí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún lọ wo ojúlé náà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bi onílé bí ó bá ní àṣẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 2015, ilé tí ènìyàn ń gbé kò gbọdọ̀ di ilé àlejò onígbà kúkúrú ju alẹ́ 90 lọ láàárín ọdún kan, àfi tí ìjọba ìbílẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ní Scotland, onílé gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìpolówó.

Bí ẹ bá ń di ẹrù, ẹ yọ ẹran àti wàrà kúrò. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, ohunkóhun tí a fi ẹran tàbí wàrà ṣe láti Nàìjíríà, wọn kò gbà á wọlé. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí ọjà wa rà ní Peckham.

ỌJỌ́ TÍ A BÁ DÉ

Ọ̀pọ̀ ilé kì í gba àlejò wọlé kó tó di agogo 3 tàbí 4 ọ̀sán. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá balẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ ti béèrè ibi tí ẹrù yóò wà. Ẹ kọ nọ́ńbà àpótí kọ́kọ́rọ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà onílé sórí bébà, nítorí iná fóònù lè tán.

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya àwòrán gbogbo yàrá. Ife tó ti sán, aṣọ ìbora tó lábàwọ́n, ẹ ya á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Àwòrán yẹn ni ẹlẹ́rìí yín bí ọ̀rọ̀ owó ìdógò bá dé.

NÍNÚ ILÉ

Iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Ihò mẹ́ta onípẹlẹbẹ náà ni, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 230. Ṣùgbọ́n ẹ má wá ibi tí ẹ ó ti ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ nínú balùwẹ̀, kò sí níbẹ̀. Okùn tó rọ̀ láti òkè àjà ni wọ́n sábà ń fà láti tan iná balùwẹ̀.

Omi ẹ̀rọ ṣeé mu. Ẹ má fowó ra omi oníke. Omi gbígbóná lè bó ọmọdé, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yín dán an wò. Ní oṣù December, oòrùn máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, òtútù a sì mú gidigidi. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí i. Ẹ má ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, owó ni ẹ ń dà sí ìgbẹ́.

Ní ti oúnjẹ, bí epo bá ń rú èéfín, agogo iná tó wà lókè àjà yóò pariwo. Ẹ ṣí fèrèsé ilé ìdáná, ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ má yọ bátìrì agogo náà láé, òun ni yóò jí yín bí iná bá ṣẹ́ lóru. Ẹ má da òróró tó gbóná sínú ihò ibi ìfọwọ́, ẹ má sì ju ohunkóhun yàtọ̀ sí bébà ìnùdí sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ihò bá dí, ẹ̀yin ni yóò san án. Bí ilé bá jẹ́ alájà, ẹ má gún iyán lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi èlùbọ́ iyán rọ́pò.

Ariwo ńkọ́? Ní England, òfin ọdún 1996 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ariwo òru, láti agogo 11 alẹ́ sí agogo 7 òwúrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìkómọ, ẹ háyà gbọ̀ngàn fún wákàtí mélòó kan. Ì bá ṣe pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀!

EWU ÀTI ÀÌSÀN

Nọ́ńbà 999 ni fún ọlọ́pàá, pánápaná àti ọkọ̀ aláìsàn, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ jáde, kí ẹ pe 0800 111 999. Èyí tó burú jù ni afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ẹ̀rọ gáàsì tàbí ibi ìdáná tó bàjẹ́ ló ń tú u jáde. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ jáde síta ná, ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Kí ẹ má sì gbé iná èédú wọlé láti yá láé.

Àlejò máa ń san owó ilé ìwòsàn níbẹ̀. Wọ́n lè tọ́jú ẹni tó bá ṣèṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró sórí ibùsùn, owó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé ìdáàbòbò ìrìn àjò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fẹ́ wakọ̀, ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà. Àwa ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù April 1972.

ỌJỌ́ TÍ A Ń LỌ

Agogo 10 tàbí 11 òwúrọ̀ ni wọ́n sábà ń ní kí àlejò jáde. Ẹ fọ abọ́, ẹ kó ìdọ̀tí sínú agolo tí ìwé sọ, torí pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ agolo tirẹ̀. Ẹ tún ya àwòrán gbogbo yàrá. Bí onílé bá yọ nínú owó ìdógò láìnídìí, ẹ má bú u lórí fóònù. Ẹ kọ̀wé, kí ẹ fi àwòrán méjèèjì ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wà fún yín náà o. Òfin ọdún 2010 tí wọ́n ń pè ní Equality Act kò gbà kí onílé kọ ènìyàn nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ yín nítorí èyí, ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí ìdí mìíràn dì mú.

Ẹ̀yin ará mi, a kì í yá ènìyàn lówó nínú ẹgbẹ́ yìí láìwo bí ó ti san èyí tó yá tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni onílé lọ́hùn-ún ń wo ẹ̀yìn àlejò kó tó gbà á. Orúkọ tí a bá fi sílẹ̀ ni àwọn ọmọ wa yóò fi gba ilé mìíràn. Ẹ ka ìwé kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó pe ọmọ rẹ̀ kó kà á sókè fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ.