Ilé Pásítọ̀ Ekarte ní Òpópónà Hill



Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Kàlàbá ni Pásítọ̀ Daniels Ekarte, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ sí Liverpool ní nǹkan bí ọdún 1915. Òyìnbó ló gbé ìhìnrere wá sí Kàlàbá. Ekarte náà wá gbé e padà lọ bá òyìnbó nílé.

Liverpool kò rọgbọ nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1919, àwọn jàǹdùkú lé Charles Wootton, atukọ̀ aláwọ̀ dúdú, títí ó fi kú sómi èbúté. Ní 1925, òfin jáde pé atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò bá ní ìwé tó fi hàn pé ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òun, kó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí àjèjì. Ta ló ń di ìwé ìbí mọ́ ẹrù kó tó wọkọ̀ ní Èkó tàbí Freetown nígbà náà? Ẹni tó fi ṣọ́bìrì da èédú síná ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún wá di àlejò, iṣẹ́ bọ́, owó ilé wọ́n.

Lọ́dún 1931, Ekarte ṣí African Churches Mission sí òpópónà Hill, ní Toxteth, Liverpool. Ṣọ́ọ̀ṣì ni lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ń jẹun níbẹ̀. Ọmọ Kàlàbá ló ni ilé. Kì í ṣe ọmọ Kàlàbá nìkan ló ń gbà. 

Ogun Àgbáyé Kejì dé, àwọn sójà dúdú láti Amẹ́ríkà dé, àwọn obìnrin funfun sì bímọ fún wọn. Ọ̀gá sójà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí sójà tó gbéyàwó, wọn kì í sì í sábà fọwọ́ sí i fún dúdú àti funfun. Àwọn ìyá kan kò lè gbé ọmọ wọn délé. Ekarte gba díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Láti 1942, ọṣẹ pàápàá, ìwọ̀nba tí káàdì ìjọba bá fọwọ́ sí ni wọ́n lè rà. Ẹ wo ìlédìí ọmọ ọwọ́ mélòó kan tó ní láti fọ̀ lójúmọ́!

Ní 1949, ìjọba kó àwọn ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé náà kò dára tó, owó kò sì tó. A kò ní fi ìyìn bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí àléébù ilé yẹn kò gbé pákó àti ìṣó wá láti tún un ṣe. Ekarte ṣì wà ní Liverpool títí ó fi kú ní 1964.