Wọ́n Ti Gba Ojú Mi

Ọ̀rọ̀ tòní kàn mí gan-an.

Àbúrò mi ò ríran. Fóònù rẹ̀ ló ń kàwé fún un. TalkBack ló ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni lórí Android. Lọ́dún tó kọjá, tíṣà kan gba fóònù náà, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ mú fóònù wá síléèwé. Nígbà tó délé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti gba ojú mi."

Mo wá òfin lọ. Ní January 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n má ṣe ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ó ní iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ yìí, ó kéré tán ẹnì kan, àti ohun èlò tí wọ́n nílò. Ó tún ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní braille àti èdè adití.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi àti màmá mi sì gbé e lọ bá ọ̀gá iléèwé. Wọn ò tíì rí i rí! Ní báyìí, àbúrò mi ń lo fóònù rẹ̀ ní kíláàsì pẹ̀lú íápíìsì.

Ṣé ẹ rí i? Òfin wà, àmọ́ ẹnì kan ló máa gbé e dé iléèwé. Tẹ́ ẹ bá mọ tíṣà kan, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.