Kí Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Baba Wa Má Baà Parun
Ọ̀rọ̀ ìpàdé lórí ìkójọpọ̀ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni, ọ̀rọ̀ ẹní, ọ̀rọ̀ ère àti aṣọ híhun. Ẹlòmíràn lè wí pé nǹkan wọ̀nyí kéré jù fún ẹgbẹ́ ìṣèlú láti jókòó lé lórí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira, tí kò sì rí ohun tí ọwọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe fi han ọmọ rẹ̀, òmìnira rẹ̀ kò tíì kún. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá Jema'a, ní ilẹ̀ Àríwá, ní ọdún 1943. Àwọn tí ń wa tánńganran hú orí ère kan jáde nínú ilẹ̀. Amọ̀ sísun ni. Akọ̀wé kan níbẹ̀ gbé e lọ, ó sì fi í kọ́ sórí igi nínú oko iṣu kí ó máa lé ẹyẹ. Ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi dé ọwọ́ Bernard Fagg ní Jos, ẹni tí ó mọ̀ pé ohun ńlá ni. Irú ère bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ère Nok, ọjọ́ orí wọn sì ju 2,000 ọdún lọ. Akọ̀wé náà kò hùwà ìkà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níyì. Àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìkójọpọ̀ wà láti wò sàn. Ní ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, níbi tí ọmọ Nàìjíríà gbogbo ti lè rí irú ère wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé nìkan ni ó yẹ kí a kó jọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alààyè náà ńkọ́? Ní abúlé Kwali, láàrin àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, ọmọdébìnrin kan wà tí ó kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Kò lo ẹ̀rọ kankan. A fa amọ̀ sókè láti ìdí, a fi amọ̀ tí ó yí bí okùn mọ ọ́n ní ipele ní ipele, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa yí ìkòkò náà ká, nítorí ìkòkò kì í yí. Lẹ́yìn náà a fín alángbá, ọ̀nì, ejò, ẹja àti àkeekèé sí i lára.

Ìkòkò omi lásán ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ọba Abuja ayé ìgbà náà, Alhaji Sulaiman Barau, rà lára wọn, ó sì kó wọn sí ààfin rẹ̀. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, ti rí wọn ní ọdún 1950. Nígbà tí ó yá, ó dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja náà, ìlú tí à ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Ní ọdún 1954 Ladi Kwali wọlé síbẹ̀, òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Wọ́n kó ìkòkò rẹ̀ lọ hàn ní London; ní ọdún 1962 ó gba oyè MBE; ní ọdún 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ó kú ní ọdún 1984, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà tí gbogbo wa ń ná. Ẹ kíyèsí i: bí ọba kan kò bá ra ìkòkò abúlé kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sí ààfin, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n?

Ìkójọpọ̀ nìkan kò sì tó. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ní Oron, ní etí Odò Cross, àwọn ará ibẹ̀ a máa gbẹ́ ère igi líle tí wọ́n ń pè ní ekpu, kí ó lè dúró fún àgbà tí ó ti kú. K. C. Murray, tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nígbà náà, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ, a sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin 1967 sí 1970, ilé náà bàjẹ́, púpọ̀ nínú àwọn ère náà sì sọnù. Igi tí àwọn àgbà ti gbẹ́ kò tún ṣeé gbẹ́ mọ́, nítorí àwọn tí ó gbẹ́ wọn ti lọ.

Òfin wà. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ọdún 1953 kò gbà kí a kó wọn jáde láìgba àṣẹ; òfin ọdún 1979 sì dá àjọ tí ń bójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Síbẹ̀ òfin kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà gbogbo abúlé. Aráàlú ni yóò ṣe é. Àwọn ohun tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó kó ní Benin ní ọdún 1897, ó ju ọgọ́fà ọdún lọ kí Jámánì tó dá díẹ̀ padà ní ọdún 2022, àti kí ilẹ̀ Netherlands tó dá 119 padà ní ọdún 2025. Ohun tí a jẹ́ kí ó lọ ní ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ ni ń jà láti gbà á padà.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí máa tọ́jú òrìṣà ni? Rárá o. Ẹni tí ó tọ́jú ère sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò forí balẹ̀ fún un. Ọgbọ́n ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ ni ó ń bọlá fún. Aṣọ Akwete tí àwọn obìnrin Ìbò ń hun, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí àwọn Nupe ń ṣe ní Bida, aró inú kòtò Kofar Mata ní Kano, kò sí ẹ̀sìn tí ó kọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro. Ẹni tí ó bá ra iṣẹ́ ọwọ́ kan, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti ohun tí à ń lò ó fún. Ère tí kò ní orúkọ dàbí ọmọ tí kò mọ ilé baba rẹ̀. Kí ó san owó tí ó tọ́, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ebi ń pa kò lè gba ọmọ iṣẹ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ya igun kan sọ́tọ̀ fún ohun tí àwọn òbí àwọn ọmọ ń ṣe. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ní yàrá kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, pẹ̀lú olùṣọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ sì rí i pé owó rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó ọdún.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a wá àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ìkòkò tí ó fọ́, a lè mọ òmíràn bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà. Bí òun náà bá lọ láìfi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, amọ̀ lásán ni ó kù.