Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sápá Kan

Bí ọkọ̀ yín bá ń fà sápá kan, ẹ má tíì sáré lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ darí èèyàn sí. Owó á lọ, ọkọ̀ á ṣì máa fà.

Afẹ́fẹ́ táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí táyà tó gbóná. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pé, ẹ ní kí fọganáísà gbé táyà iwájú ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá wá ń fà sí apá kejì, táyà ló ń dà yín láàmú. Ẹ ṣọ́ra fún táyà tòkunbọ̀, torí ó lè ti gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2318 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2018.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń fà. Kálípà ẹ̀gbẹ́ kan ti lè há, kò ní mú táyà dáadáa mọ́; ọkọ̀ á wá já lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣì ń mú. Ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ̀mí ló lè gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a nílé. Ẹ má gbé e jáde lónìí.