Ìdílé Iyọ̀



Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a máa ń fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, kí ayé rẹ̀ lè ládùn. Ṣùgbọ́n ohun eléwu méjì ni ó so pọ̀ di iyọ̀ yìí. Èkíní ni sódíọ̀mù, irin rírọ̀ tí í máa gbiná bí ó bá kan omi. Èkejì ni kílórínì, afẹ́fẹ́ olóró tí a fi pa ọmọ ogun ní Ypres ní 1915.

Kílórínì ní ẹbí. Láti inú èdè Gíríìkì ni a ti mú orúkọ wọn, halogen, èyíinì ni olùdá-iyọ̀. Fúlórínì ni àgbà, afẹ́fẹ́ ni òun náà. Kílórínì tẹ̀lé e. Búrómínì jẹ́ omi pupa rúsúrúsú. Áyódínì jẹ́ òkúta dúdú tí ń dán, èéfín aláwọ̀ àlùkò sì ni í rú bí iná bá rà á.

Ìwà kan ni ó so wọ́n pọ̀. Olúkúlùkù wọn ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀nì 7 ní agbo òde, bẹ́ẹ̀ ni 8 ni ì bá pé. Nítorí ẹyọ kan yìí ni wọn kì í fi í dá gbé: wọn a gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n bá a pín in. Àgbà ni ó sì lágbára jù. Bí kílórínì bá wọ inú omi tí iyọ̀ búrómínì wà, yóò lé búrómínì jáde. Àbúrò kò lè lé ẹ̀gbọ́n.

Síbẹ̀, áyódínì tí ó rọjú nínú wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Courtois, ará Faransé, rí i nínú eérú koríko òkun ní 1811. Bí ó bá ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ, ọ̀fun a wú, a di gẹ̀gẹ̀. Bí ó bá ṣọ̀wọ́n lára aboyún, ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Àwa a sì máa fi gẹ̀gẹ̀ kọrin ẹ̀gàn, a ní àfiṣe ni. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà kọ ọ́ rí ní kékeré, ojú sì ń tì mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè, ẹ jẹ́ kí a kéde rẹ̀ lọ́jà: iyọ̀ tí a fi áyódínì sí ni kí a máa rà, kí a dé e, kí oòrùn àti ọ̀rinrin má bà á jẹ́. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti wú, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn kan ní èdè wa kò lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ̀yin ni kí ẹ dá wọn lóhùn.