Ikọ́ Tí Kò Lọ: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀dọ̀fóró

     

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sààrì tàbí ti sàká jákà. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Àwọn kan nínú yín á máa wí pé kí ló kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ó kàn wá, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe kàn wá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ jámáà wa kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, agégẹdú ni. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ rédíò. Ẹni tí kì í pa ìrun Asunbaa jẹ ni, òun ló sì máa ń gbálẹ̀ mọ́sálásí ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. A ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Ó ra oògùn ikọ́ olómi ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó mu ún tán, ó tún ra òmíràn. Ó wá tọ̀ wá wá. Àwa náà, ọwọ́ ara wa la fi kọ hántù fún un lára wàláà, ó fọ̀ ọ́ mu. Nígbà tí kò tíì lọ, a ní kó pa ẹran ṣe sàráà, torí a rò pé ẹnìkan nídìí òwò gẹdú ló ń bá a jà. Oṣù mẹ́jọ la fi wà lórí èyí. Ohùn rẹ̀ há, ṣòkòtò rẹ̀ kò dúró ní ìdí mọ́, ó sì ń fi aṣọ ìnujú rẹ̀ pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi tipátipá gbé e lọ ya fọ́tò àyà. Kókó ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó ti tóbi, ó sì ti ràn dé inú ẹ̀dọ̀. Dókítà ní ká ní ó tètè wá ni, àwọn ìbá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kò lo oṣù méjì lẹ́yìn náà. Àwa la ṣíwájú ìrun jànáásà rẹ̀.

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé Kùráánì kì í ṣe ìwòsàn. Ìwòsàn ni, a ṣì ń kọ ọ́ fún àwọn ènìyàn títí di òní. Ohun tí a ṣe tí kò dára ni pé a dá ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn fún oṣù mẹ́jọ. Ànábì wa, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a, pàṣẹ pé kí á máa wá ìtọ́jú, ó sì jẹ́ kó yé wa pé kò sí àrùn tí Allāhu sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó nìkan. Ẹni tó bi í bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun, ó ní kí ó so ó ná. A ń ka hàdíìsì yìí fún àwọn ọmọ kéwú wa, àwa fúnra wa kò lò ó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá gba hántù fún ikọ́ tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìwé ilé ìwòsàn la ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ bá àlùfáà mìíràn. Kò burú.

Kí ni àrùn yìí gan-an? Ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí a fi ń mí, méjèèjì wà nínú àyà, bíi tìmùtìmù tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Jẹjẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ibi kékeré, níbi tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù láìní ìjánu. Kì í dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Nígbà tí yóò bá fi ara hàn, ikọ́ tí kò lọ ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyà dídùn, èémí tó ń kúrú, ohùn tó há, ara tó ń fọn láìnídìí. Ní ọdún 2022, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n rí i lára wọn lágbàáyé, ó sì pa nǹkan bí 1.8 mílíọ̀nù. Kò sí jẹjẹrẹ mìíràn tó ń pani tó o.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń mú ènìyàn wúkọ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ó ń mú ara fọn. Nítorí náà wọ́n á ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, aláìsàn á máa lo oògùn rẹ̀ lọ, kókó á máa dàgbà lọ. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí wọn kò bá rí ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí tí ẹ lo oògùn rẹ̀ tí ara kò yá, ẹ má padà sílé lọ jókòó. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà yín. Bí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀, wọ́n á darí yín sí Ṣágámù, tàbí UCH ní Ìbàdàn, tàbí Ìdí-Àràbà ní Èkó níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńlá ní ọdún 2019. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa bù díẹ̀ nínú kókó náà láti mọ irú ẹ̀ tó jẹ́, kí wọ́n tó sọ bóyá iṣẹ́ abẹ ni, tàbí oògùn, tàbí ìtànṣán.

Àrùn yìí kò mọ olówó, kò mọ gbajúmọ̀. Ẹ rántí Alhaji Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, agbẹjọ́rò mẹ̀kúnnù tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tí ìjọba ológun tì mọ́lé títí kò yí ohùn padà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nínú oṣù Ramadan bí irú èyí tí a wà yìí. Ẹni ọdún 71 ni. Lọ́ndọ̀nù ni wọ́n ti rí àrùn náà lára rẹ̀. Ohun tí ó wù wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò fi orúkọ àrùn náà pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni kan bá ní jẹjẹrẹ, ẹ̀yìn kùlé la ti ń sọ ọ́, bí ẹni pé ó jalè.

Ẹ jẹ́ ká dé orí tábà. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nǹkan bí 85 ló jẹ́ pé sìgá ló fà á. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá pé, níbo ni Kùráánì ti dárúkọ sìgá? Kò dárúkọ rẹ̀. Kò sí tábà láyé Ànábì. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, nǹkan bí 1,000 ọdún lẹ́yìn Híjírà ló tó wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí, àwọn onímọ̀ sì jiyàn lé e lórí gidigidi. Ahmad Baba ti Timbuktu, tó kú ní 1627, kọ̀wé pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ní Íjíbítì, nínú ọ̀nà Máliki tiwa yìí kan náà, al-Laqani kọ̀wé takò ó, al-Ujhuri kọ̀wé gbè é. A ti ka àríyànjiyàn wọn nígbà tí a wà ní ilé kéwú. Àwọn tó gbè é sọ pé kì í pani lọ́bọlọ̀ bí ọtí, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó ń ba ara jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ní 1950 ni àwọn olùwádìí méjì ní Lọ́ndọ̀nù, Doll àti Hill, tó fi ìwádìí hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ń rìn. Lónìí, a mọ̀ pé nínú èéfín sìgá, kẹ́míkà lé ní 7,000, ó kéré tán 69 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. Àní lọ́dọ̀ àwọn tó gbè é láyé ìgbà náà, ohun tó bá ń pa ènìyàn lára kò tọ́ sí i. Allāhu sì ti kọ̀ fún wa nínú Súrátùl Bákárà kí á má ṣe fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Èrò tiwa ni pé iyàn ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, a kò wá bú yín. A mọ̀ yín. Àwọn kan nínú yín, bí ládàánì bá ti pe ìrun Mọ̀ńgàríbì, sìgá ni ẹ fi ń ṣínu kí dàbínù tó kàn. Ẹ wò ó: láti sààrì títí di ìṣínu, nǹkan bí wákàtí 13 ni. Kò sẹ́ni tó so yín lọ́wọ́, ẹ kò sì mu ún. Ẹ ti fi òùngbẹ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun ní ọ̀sán, òru nìkan ló kù. Kò rọrùn o. Orí á fọ́, inú á máa bí ènìyàn, oorun á sá fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ewu kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á á wálẹ̀ sí bí ìdajì ti ẹni tó ń mu ún lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, omi inú ìkòkò ṣíṣà kì í fọ májèlé kúrò nínú èéfín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ fún ọmọ ìyá yín, òfin tábà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2015 kọ̀ ọ́: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tó ọdún 18.

Wàyí o, ẹ̀yin ìyá wa ní Ogun Waterside, ọ̀rọ̀ yín ló ká wa lára jù. Ẹni tí kò fi sìgá kan ètè rí lè ní àrùn yìí. Àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ lágbàáyé ti ka èéfín igi ìdáná mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Èéfín ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì, láti 2012 ni wọ́n ti sọ pé ó dájú. Ẹ̀yin agégẹdú, ẹ gbọ́ ìyẹn náà. Ẹ wo obìnrin tó ń yan ẹja: láti ọmọdé ló ti wà nídìí ààrò, bí òjò bá ń rọ̀, á ti ilẹ̀kùn, ojú á máa ṣomi, ọmọ á wà lẹ́yìn. A kò ní kí ẹ fi òwò yín sílẹ̀. Ẹ gbé ààrò síta lábẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ lo igi gbígbẹ, ẹ má gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Ní Gánà, wọ́n ti ṣe ààrò kan tí wọ́n ń pè ní Chorkor, igi díẹ̀ ló ń jẹ, èéfín rẹ̀ sì kéré. Àwọn bíríkìlà wa lè mọ irú rẹ̀.

Nínú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ la ti ní ẹnìkan tó yè é. Ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ní kó ya fọ́tò àyà, wọ́n rí kókó kékeré tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un ní Ìbàdàn, wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró kúrò. Owó Mẹ́kà ló fi ṣe é, a sì sọ fún un pé Allāhu mọ aniyàn rẹ̀. Ọdún kẹfà rèé. Èémí rẹ̀ kúrú, kò lè gun òkè, ó sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n nǹkan tó sọ fún wa pé ó dun òun ju ọgbẹ́ lọ ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsálátù kò jẹ́ kí ó fi ife wọn mu omi mọ́. Jẹjẹrẹ kì í ràn láti ara ẹni kan sí ẹlòmíràn. Ẹ bá wọn jẹun, ẹ bá wọn mu omi. Ọ̀kan nínú wọn tún bi í pé irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Irú ìbéèrè báyìí, a kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ nínú mọ́sálásí wa. Lónìí, òun ló ń lọ láti àsálátù kan sí èkejì, tó ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà bí ikọ́ kò bá lọ. Wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ju tiwa lọ.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, kó má fi àáwẹ̀ pa ara rẹ̀. Allāhu ti yọ̀ǹda fún aláìsàn: bí ara bá yá, á san án padà, bí kò bá ní ìrètí àtilè gbà á mọ́, á máa bọ́ tálákà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín nípa oògùn tí ẹ ń lò kí ẹ tó gbààwẹ̀. Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ fi àga sí sàfù fún àwọn tí kò lè foríkanlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Láti Jímọ̀ tó ń bọ̀, àpótí kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àwọn obìnrin, ti owó ọkọ̀ àti fọ́tò àyà ni, pàápàá fún àwọn tó ń gba ojú omi bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi sàká rẹ̀ sí i, tálákà wà nínú àwọn tó tọ́ sí. A ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí àwọn dókítà máa wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró ní etí omi lóòrèkóòrè. Àwọn ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n rán akọ̀wé wọn wá lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá sì ń wúkọ́ tí kò ní owó ọkọ̀, kó má dúró de Sátidé. Kó wá bá wa lálẹ́ yìí lẹ́yìn ìrun àṣámù.